Ọmọ mi obìnrin ní astrophysics lòun fẹ́ kà: ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí fọ́ọ̀mù JAMB tó jáde

Ìyá Tọ́lání, Ìgbógbó
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Ọmọ mi obìnrin wà ní SS3. Físíìsì àti máàtì kò ni ín lára rárá, òun gan-an ló ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní lẹ́sìnnì. À ń retí fọ́ọ̀mù JAMB, ló bá ní astrophysics lòun fẹ́ kà. Mo ní kí nìyẹn? Ó ní ẹ̀kọ́ nípa oòrùn, ìràwọ̀ àti bí gbogbo ohun tó wà lókè ọ̀hún ṣe ń ṣiṣẹ́ ni.

Bàbá rẹ̀ ti fàáké kọ́rí. Ó ní enjiníà tàbí nọ́ọ̀sì, kò sí ẹ̀kẹta. Ó ní gbogbo ẹni tóun mọ̀ tó ń wo ìràwọ̀, wòlíì ni wọ́n, wòlíì kì í sì í gba owó oṣù.

Aṣọ ni mò ń rán ní Sábó, mi ò kàwé lọ títí, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ dí ọmọ lọ́nà nítorí ohun tí mi ò mọ̀. Ṣé ilé ìwé kankan wà ní Nàìjíríà tó ń kọ́ ọ? Bó bá kà á tán, ta ni yóò gbà á síṣẹ́? Bó bá sì jẹ́ òkè òkun ló máa já sí, ta ló máa sanwó ẹ̀? Kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n jọ̀ọ́ bá mi dá sí i. Ẹ má bú ọkọ mi o, ìfẹ́ ọmọ ló ń dà á láàmú.

Ṣọlá Agric
Ẹ káàbọ̀ mà. Kò sí yunifásítì kankan ní Nàìjíríà tó ń kọ́ ọ, ẹ má wulẹ̀ dààmú ara yín. Computer Science ni kó kà, ibẹ̀ lowó wà. Ìràwọ̀ ò ní sá kúrò lọ́run kó tó jáde.

Tíṣà Físíìsì Ẹ̀pẹ́
Ṣọlá, kò rí bẹ́ẹ̀. Yunifásítì Nàìjíríà tó wà ní Nsukka ní ẹ̀ka tó ń jẹ́ Physics and Astronomy, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìràwọ̀ níbẹ̀. Nsukka yẹn náà ni Centre for Basic Space Science wà, èyí tó jẹ́ ti NASRDA, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfuurufú.

Mummy Tọ́lání, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé orúkọ tó máa wà lára ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́ kò tó ohun tí à ń jà sí. Púpọ̀ nínú àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ káàkiri ayé, físíìsì lásán ni wọ́n kọ́kọ́ kà. Ìgbà tí wọ́n dé Masters tàbí PhD ni wọ́n tó yà sí ọ̀nà ìràwọ̀. Nítorí náà tó bá jẹ́ Physics ló kà ní UNILAG, LASU, Ifẹ̀, Ìbàdàn tàbí FUNAAB ní Abẹ́òkúta, ọ̀nà kò tíì dí mọ́ ọn.

Ní JAMB, Gẹ̀ẹ́sì, físíìsì àti máàtì ló máa ṣe, kẹ́mísìrì ló sì dáa jù kó fi ṣe ìkẹrin. Ẹ wo ohun tí ilé ìwé kọ̀ọ̀kan béèrè lórí IBASS, ìkànnì JAMB fúnra wọn, ẹ má gbọ́ ti ẹni tó ń ta fọ́ọ̀mù. Ní WAEC, kírẹ́díìtì márùn-ún, Gẹ̀ẹ́sì àti máàtì níbẹ̀. Kẹ́mísìrì lọ̀pọ̀ ọmọ tó fẹ́ràn físíìsì ń fojú di, òun náà ló sì ń gbé wọn ṣubú.

Ọ̀rọ̀ pé obìnrin ni, tẹ́nì kan bá gbé e dé: Ọ̀jọ̀gbọ́n Francisca Nneka Okeke, obìnrin ni, Nsukka ló ti ń kọ́ni ní físíìsì. Ìwádìí tó ṣe lórí iná mànàmáná tó ń ṣàn lókè réré, níbi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́, ló jẹ́ kí wọ́n fún un ní ẹ̀bùn L'Oréal-UNESCO, tí wọ́n ń fún àwọn obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ní 2013.

Ẹlẹ́ja Olúwo
Tíṣà, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n láti Ìkòròdú dé Nsukka? Ọmọdébìnrin? Ẹ jẹ́ kó lọ LASU, kó máa ráàyè wálé lópin ọ̀sẹ̀. Ọmọ tébi ń pa lọ́nà jíjìn ò lè ka nǹkan kan.

Gbọ́láhàn Ìjẹ̀dẹ̀ (Cape Town)
Físíìsì ni mo kà ní Ifẹ̀, Cape Town ni mo wà báyìí tí mò ń ṣe ti ìràwọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí gan-an, torí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé alaalẹ́ la máa ń fi ojú kan lẹ̀ mọ́ tẹlisikóòpù. Ó pẹ́ tí mo ti fojú kan tẹlisikóòpù kẹ́yìn. Kọ̀ǹpútà ni mò ń jókòó tì.

Ẹ wo ọ̀kan lára ohun tí à ń ṣe. NASA rán sátẹ́láìtì kan tó ń jẹ́ TESS sókè ní 2018. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó máa wọn ìmọ́lẹ̀ àwọn ìràwọ̀ léraléra. Bí pílánẹ́ẹ̀tì kan bá gba iwájú ìràwọ̀ tirẹ̀ kọjá, ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ yẹn á dín kù fún wákàtí mélòó kan, á sì tún padà sípò. Ká ní ẹnì kan wà lọ́nà jíjìn tó ń wo oòrùn tiwa, bí Jupiter, pílánẹ́ẹ̀tì tiwa tó tóbi jù, bá kọjá níwájú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó máa dín kù á tó nǹkan bí ìdá 1 nínú 100. Ayé tá a wà yìí ńkọ́? Kò tó ìdá 1 nínú 10,000. Ìdínkù bíńtín yẹn là ń wá. Ìràwọ̀ fúnra rẹ̀ sì ní àbàwọ́n lójú tó ń yí kiri, sátẹ́láìtì a máa gbọ̀n díẹ̀, nígbà mìíràn ìràwọ̀ méjì ló ń yí ara wọn po tí wọ́n á sì tan èèyàn jẹ pé pílánẹ́ẹ̀tì ni. O máa kọ ètò ní Python, èdè tí wọ́n fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, o máa ya àwòrán rẹ̀, o máa tún un yà, títí wàá fi mọ èwo lòótọ́ èwo lẹ̀tàn. Ẹni tí kò ní sùúrù fún irú èyí, kó má wulẹ̀ bọ́ sí i.

Ohun tó dùn mọ́ mi ni pé dátà TESS wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Tọ́lání lè gbà á sílẹ̀ láti Ìgbógbó lónìí, ohun kan náà tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń lò.

Ní ìhín, ètò ẹ̀kọ́ ìràwọ̀ kan wà tó ń jẹ́ NASSP, ó bẹ̀rẹ̀ ní 2003. Honours (ọdún kan lẹ́yìn B.Sc.) àti Masters ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ọmọ oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè Áfíríkà ló sì ti gbabẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn náà MeerKAT wà ní aginjù Karoo, àwo ńláńlá 64 tó ń gba rédíò láti ojú ọ̀run, 2018 ni wọ́n ṣí i. Áfíríkà lèyí o, kì í ṣe Amẹ́ríkà.

Sìkọ́láṣíìpù Dé
Ẹ̀gbọ́n Gbọ́láhàn, àwo 64 yẹn, ṣebí SKA, tẹlisikóòpù rédíò ńlá tí oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè jọ ń kọ́, ni wọ́n ń kọ́ ọ fún? Wọ́n ń fún gbogbo ọmọ Áfíríkà ní sìkọ́láṣíìpù. Mummy, ẹ jẹ́ kó kàn gbìyànjú ìyẹn, owó ti bùṣe.

Gbọ́láhàn Ìjẹ̀dẹ̀ (Cape Town)
Rárá o, ìyẹn ti ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ló bá Gúúsù Áfíríkà da ọwọ́ pọ̀ lórí SKA: Botswana, Ghana, Kenya, Madagascar, Mauritius, Mozambique, Namibia àti Zambia. Nàìjíríà ò sí níbẹ̀. Ghana tó wà nítòsí wa ti sọ àwo ńlá kan tí wọ́n fi ń ṣe tẹlifóònù tẹ́lẹ̀ ní Kuntunse di tẹlisikóòpù rédíò, 2017 ni wọ́n ṣí i. Àwa ṣì ń wò wọ́n. Kí ẹ tó kọ fọ́ọ̀mù sìkọ́láṣíìpù kankan, ibi tí wọ́n kọ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i sí ni kí ẹ kọ́kọ́ kà.

Bàbá Wálé Àgbádárìgì
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti àárọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀ náà sọ̀rọ̀.

Físíìsì ni mo kà, second class lower ni mo bá jáde. Mo ṣe àgùnbánirọ̀ tán, mo wáṣẹ́ títí, ilé ìwé aládàáni kan lọ́nà Seme ló gbà mí. Físíìsì ni wọ́n ní kí n máa kọ́, wọ́n fi máàtì kún un, ẹ̀yìn náà wọ́n ní Basic Science kò ní tíṣà. Owó oṣù ńkọ́? Wọ́n á san ààbọ̀, wọ́n á ní ká dúró dìgbà táwọn òbí bá sanwó. Ọmọ mi ń dàgbà lórí ààbọ̀ owó oṣù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun ń sọ̀rọ̀ NASA àti Karoo. Ẹni tí kò bá rí ìwé ìrìnnà gbà ńkọ́? Ohun tí mo máa sọ fún ọmọ tèmi ni pé kó fi ojú ọ̀run sílẹ̀, kó wo abẹ́ ilẹ̀. Applied Geophysics wà ní FUTA ní Àkúrẹ́. Gbogbo ilé tí wọ́n ń kọ́ láti ibí dé Ẹ̀pẹ́ ló ń gbẹ́ kànga dẹ̀rọ. Ẹni tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi yẹ abẹ́ ilẹ̀ wò, tí wọ́n á ri irin mẹ́rin mọ́lẹ̀, tí wọ́n á fi iná sí i, tí wọ́n á sì mọ ibi tí omi wà, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í wáṣẹ́, iṣẹ́ ló ń wá a. Ọ̀rẹ́ mi tó kà á ti ra mọ́tò.

Tíṣà Físíìsì Ẹ̀pẹ́
Bàbá Wálé, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ yín ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, mo mọ ilé ìwé aládàáni bí ẹní mowó. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo o dáadáa: ẹni tó ka físíìsì lè ṣe Masters geophysics, kó sì ri irin mọ́lẹ̀ bíi tọ̀rẹ́ yín. Ẹni tó ka geophysics lásán, tó bá fẹ́ padà sí ti ìràwọ̀, á ní quantum mechanics àti àwọn kọ́ọ̀sì míì láti lọ kà. Físíìsì ló fẹ̀ jù nínú méjèèjì.

Second class lower yẹn, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó bá fẹ́ rìn ọ̀nà yìí jìnnà, first class tàbí second class upper ni kó fojú sùn. Mi ò sọ ọ́ láti fi bu ẹnikẹ́ni kù o.

Bàbá Wálé Àgbádárìgì
Mo gbọ́. Àmọ́ ẹ tún sọ fún wọn pé ọdún tí a ò fi rí ìmọ́lẹ̀ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì náà wà nínú CGPA (àpapọ̀ máàkì gbogbo ọdún) yẹn.

Adùnní Ẹbúté
Ọmọ Ìkòròdú ni mí, PhD ni mò ń ṣe lọ́wọ́ ní Amẹ́ríkà. Mummy béèrè ẹni tó máa sanwó, mo rí i pé ẹnikẹ́ni ò tíì dá wọn lóhùn.

Mà, PhD físíìsì tàbí astronomy níbí, ilé ìwé ló sábà máa ń san owó ẹ̀kọ́, wọ́n á sì tún máa fún ọmọ lówó tí yóò máa fi jẹun tó fi máa sanwó ilé. Kì í ṣe ìtọrẹ àánú. Ọmọ náà á máa kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìíní, tàbí kó máa bá ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe ìwádìí. Ó lè ti B.Sc. kọjá síbẹ̀ tààrà, kò dìgbà tó bá ṣe Masters. Masters níbí ló ń gba owó lọ́wọ́ òbí, òun náà sì làwọn éjẹ́ǹtì ń polówó jù, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí tiwọn. Tí éjẹ́ǹtì kan bá ní kí ẹ ta ilẹ̀, ẹ sá fún un. Ní Jámánì, púpọ̀ nínú yunifásítì ìjọba kì í gba owó ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń fẹ́ rí owó oúnjẹ ọdún kan nínú àkáǹtì kí wọ́n tó fúnni ní fisa. Owó yẹn ló ń dá ọ̀pọ̀ dúró.

Ohun tí wọ́n ń wò: CGPA, lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ mẹ́ta tó mọ̀ ẹ́ dáadáa, àti ìwádìí tó o ti ṣe, bó ti wù kó kéré mọ. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé ò béèrè ìdánwò tí wọ́n ń pè ní Physics GRE mọ́. Owó fọ́ọ̀mù náà, ẹ kọ ìwé sí wọn pé ẹ ò ní in, ọ̀pọ̀ wọn máa ń fojú fò ó. Kó tètè bẹ̀rẹ̀ sí í lépa transcript, ìwé tí gbogbo èsì ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà nínú rẹ̀, o. Ilé ìwé tí mo ti jáde (mi ò ní dárúkọ) da tèmi dúró débi pé díẹ̀ ló kù kí ọ̀nà tì mọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n mi ló lọ jókòó tì wọ́n ní ọ́fíìsì.

Kí n má tan yín: lẹ́yìn PhD tó ń gba nǹkan bí ọdún márùn-ún sí mẹ́fà, iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ò pọ̀. Èèyàn á ṣe postdoc, iṣẹ́ ìwádìí onígbà díẹ̀ lẹ́yìn PhD, fún ọdún méjì mẹ́ta níhìn-ín, á tún kó ẹrù lọ sí ìlú míì fún òmíràn. Ọ̀pọ̀ ló ń yà bàrá lọ sí iṣẹ́ dátà, báńkì, ilé ìwòsàn, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe sátẹ́láìtì. Wọn ò kábàámọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí owó ibẹ̀ ju tọ̀jọ̀gbọ́n lọ.

Ṣọlá Agric
Háà! Ẹ wá gbọ́. Nígbà tó jẹ́ pé iṣẹ́ dátà náà ni gbogbo yín ń padà ṣe, kí ló dé tí kò kúkú ka Computer Science láti ìbẹ̀rẹ̀? Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́, ẹ ní mi ò mọ nǹkan kan.

Adùnní Ẹbúté
Torí ọmọ náà fẹ́ mọ bí ìràwọ̀ ṣe ń tàn, Ṣọlá. Python ò ní kọ́ ọ níyẹn. Ẹni tó ka físíìsì lè kọ́ Python lọ́wọ́ ara rẹ̀. Mi ò tíì rí ẹni tó kọ́ electromagnetism lórí YouTube nìkan tó yè é.

Gbọ́láhàn Ìjẹ̀dẹ̀ (Cape Town)
Níbi yìí mi ò bá Adùnní lọ tán. Ẹnì kan wà lọ́fíìsì wa tó ti Computer Science wá, òun la máa ń sá tọ̀ lọ tí ètò bá kọ̀. Àmọ́ òun náà padà lọ jókòó ka físíìsì kí wọ́n tó gbà á. Kò rọrùn fún un.

Àlàbí Odógunyàn
Gbogbo yín ti gbàgbé iṣẹ́ tó wà nílé. NASRDA ti wà láti 1999. Sátẹ́láìtì wa NigeriaSat-1 gbéra láti Rọ́ṣíà ní oṣù kẹsàn-án 2003, NigeriaSat-2 àti NigeriaSat-X sì tẹ̀ lé e ní 2011. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tiwa ló kọ́ NigeriaSat-X yẹn nígbà tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́ ní ìlú Ọba. NiMet ń gba ọmọ físíìsì fún ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. NNRA ń gbà wọ́n fún ọ̀rọ̀ ìtànṣán tó léwu, àwọn ẹ̀rọ x-ray ní ọsibítù bẹ́ẹ̀.

Ohun kan tún wà tí Nàìjíríà fi yàtọ̀. Ìlà agbedeméjì òòfà ayé gba orí ilẹ̀ wa kọjá, ìyẹn ló fà á tí ojú sánmà wa fi máa ń ru gùdù lókè lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, tí àmì GPS á sì máa ṣe ségesège. Àwọn ará òkè òkun ń wá sọ́dọ̀ wa nítorí rẹ̀. Nídìí èyí, ọmọ Nàìjíríà ò ní láti máa bẹ ẹnikẹ́ni fún dátà. Ibùdó ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì òfuurufú kan wà ní Ifẹ̀, nínú ọgbà OAU, tí wọ́n ń pè ní ARCSSTE-E, Tọ́lání lè lọ kà á níbẹ̀.

Tíṣà Físíìsì Ẹ̀pẹ́
Àlàbí, òótọ́ ni ti Ifẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ti gba B.Sc. ni wọ́n ń mú. Kò sí nínú ohun tí èèyàn ń kọ sí JAMB. Ní ti NASRDA àti NiMet, iṣẹ́ ìjọba ni, ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe ń gbani síṣẹ́ ìjọba.

Àlàbí Odógunyàn
Mo mọ̀ ọ́n, mo fi ẹnu mi mọ síbẹ̀.

Pẹ̀lúmi Etíkun
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Ọmọ Àgbádárìgì ni mí, mo wà ní 200 level físíìsì. Ẹ má jẹ́ kí Mummy lọ ra tẹlisikóòpù oníke tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì o, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa gbọ̀n ni, kò ní rí nǹkan kan. Stellarium, áàpù tó ń fi ìràwọ̀ hàn, lórí fóònù tó. Ibi tá a wà yìí dára ju ti ọ̀pọ̀ òyìnbó lọ. Ní oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún, tí òjò bá dáwọ́ dúró lálẹ́, tí èèyàn bá dúró létí òkun wa níbi tí iná ò pọ̀, á rí àwọn ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Southern Cross lápá gúúsù, á sì yíjú pa dà rí àwọn tí wọ́n ń pè ní Big Dipper lápá àríwá lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ò lè rí èkíní láé nílé wọn.

Ìkànnì Zooniverse náà wà. Wọ́n máa ń fi àwòrán galaxy gidi, ìyẹn àgbájọ ìràwọ̀ rẹpẹtẹ, hàn ẹ́ kó o bá wọn tò ó sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀fẹ́ ni, dátà fóònù nìkan ló ń jẹ. Bẹ́ẹ̀ náà, ilé ẹ̀kọ́ ìràwọ̀ ìgbà kúkúrú kan wà fáwọn tó wà ní yunifásítì ní Áfíríkà, PASEA lorúkọ rẹ̀, Nàìjíríà ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 2013. Èmi náà ń dúró de ìgbà tí wọ́n máa ṣí fọ́ọ̀mù.

Ìyá Tọ́lání, Ìgbógbó
Orí mi ń yí, àmọ́ mo dúpẹ́ gan-an ni. Adùnní ọmọ mi, Ọlọ́run á ṣe é ní rere fún ẹ. Ti kọ̀ǹpútà ló kù tó ń dùn mí, gbogbo yín lẹ̀ ń dárúkọ ẹ̀, mi ò sì tíì ní owó ẹ̀ báyìí.

Ẹlẹ́ja Olúwo
Mummy, NELFUND ń yá ọmọ yunifásítì ìjọba lówó láìgba èlé. Owó ilé ìwé, wọ́n á san án fún ilé ìwé tààrà, wọ́n á sì fún ọmọ ní díẹ̀ lóṣooṣù. Ẹ̀yìn ìgbà tó bá sìnlú tán tó sì rí ṣe ló máa dá a padà. Kó tọ́jú èyí tó ń gbà lóṣooṣù, ẹ fi àjọ kún un. Kọ̀ǹpútà àlòkù ló máa kọ́kọ́ rà, ó ṣì ń ṣiṣẹ́ fún Python.

Ìyá Tọ́lání, Ìgbógbó
Ẹ kú alẹ́ o. Bàbá Tọ́lání ni, fóònù ìyàwó mi ni mò ń lò. Mo ti ka gbogbo ẹ̀ látòkè dé ìsàlẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò bú mi, mo dúpẹ́. Ìbéèrè kan péré: bó bá kọ Physics ní UNILAG, tó wọlé, tí ojú ẹ̀ wá là lẹ́yìn ọdún kan, ṣé ó lè yí sí enjiníà?

Tíṣà Físíìsì Ẹ̀pẹ́
Ẹ kú alẹ́ sà. Èèyàn lè tọrọ ẹ̀, ṣùgbọ́n ó di ìgbà tí CGPA bá ga, tí àyè bá sì wà níbi tó ń lọ. Ọ̀pọ̀ ló ń tọrọ, díẹ̀ ló ń rí i gbà. Ẹ má fi ṣe ohun tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé.

Gbọ́láhàn Ìjẹ̀dẹ̀ (Cape Town)
Dádì, ẹ wo Engineering Physics ní Ifẹ̀. Ẹ̀ka kan náà pẹ̀lú físíìsì ni, lábẹ́ Faculty of Science, àwọn kan náà ló ń kọ́ wọn. Á fọwọ́ kan ẹ̀rọ, kò sì ní pàdánù físíìsì. Kì í ṣe enjiníà tí ẹ ní lọ́kàn o, ẹ má sọ fún ẹbí pé enjiníà ni.

Ìyá Tọ́lání, Ìgbógbó
Èmi ìyá rẹ̀ nìyí, mo ti gba fóònù mi. Ó ní òun máa ronú sí ti Ifẹ̀ yẹn, ẹ ò mọ bí ìyẹn ṣe tóbi tó. Tọ́lání ní kí n bi Tíṣà: Further Maths, ṣé dandan ni? Ilé ìwé wọn ò ní tíṣà ẹ̀.

Tíṣà Físíìsì Ẹ̀pẹ́
JAMB ò béèrè ẹ̀, ṣùgbọ́n kó ṣe é. Calculus, vector àti complex number, àwọn nǹkan tó máa kàn án lójú ní sẹ́mẹ́sítà àkọ́kọ́ nìyẹn. Mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ SS3 kan lórí Zoom láàárọ̀ Sátidé, ọ̀fẹ́ ni. Màá fi líǹkì rẹ̀ sínú àpótí ìfìwéránṣẹ́ yín. Kó mú ìwé graph dání.